Ogójì Ìṣẹ́jú

Kọ̀ǹpútà yìí kì í ṣe ti orin.
Ọ́fíìsì wa ló ń ta àlòkù lọ́jọ́ náà,
mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún, mo gbé e há abíyá,
bọ́tìnì mẹ́ta ti já, ojú rẹ̀ sán
láti igun dé igun bí ògiri ilé tí onílé ti sá lọ.
Àyọ̀ká wò ó lẹ́nu ọ̀nà ní Kúbwà, ó ní,
"O tún ti gbé òkú olókùú wálé."

N ò fèsì. Wáyà ni mò ń wá.
Ẹnu rẹ̀ kan tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ là sí méjì,
pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀.
Mo ti tín-ín-rín bọ ihò ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà,
mo ti méjì yòókù bọ ẹ̀yìn áńpílífáyà bàbá mi
tó ń jẹ eruku láti ọjọ́ tí a ti gbé e kúrò ní Sáríà.

Bàbá Shékwó, káfíńtà ẹ̀yìnkùlé wa, ló kan àpótí sípíkà.
Pákó bẹ́ẹ̀dì tó ti fọ́ ló lò.
Ó fi Haúsá sọ fún mi pé igi tí tọkọtaya ti sùn lé lórí
mọ bí a ti í gba ohùn mọ́ra.
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mo tan án.
Hùùùùùn.
Bí oyin tó há sínú agbè.
Mo yí wáyà, mo nu ẹnu rẹ̀, mo gbá áńpílífáyà létí,
hùùùùùn.
Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn ní Wúsè
kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi dá mi lóhùn:
"Alhájì, yọ ṣájà."

Mo délé, mo yọ ṣájà.
Ìdákẹ́jẹ́ wọlé, ó jókòó.
Lẹ́yìn rẹ̀ ni orin dé: mo gbọ́ èékánná lára okùn gìtá,
mo gbọ́ èémí tí akọrin fà kó tó lanu,
mo gbọ́ àga kan tó dún nínú yàrá tí n kò dé rí.

Ṣùgbọ́n bátìrì náà ti darúgbó.
Ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo agbára rẹ̀, lẹ́yìn náà òkùnkùn.
Orin ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀,
èmi a sì máa fò láti orí kan dé èkejì
bí ọmọ tó tọ́ gbogbo ọbẹ̀ wò tí kò jẹun.
Àwo mọ́kànlá péré ni bàbá mi ní.
Á fi aṣọ nu ọ̀kan yípo,
á sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn sílẹ̀,
á jókòó títí yóò fi parí, ìbáà dùn, ìbáà má dùn.

Lálẹ́ àná ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa là.
Àyọ̀ká gbé ẹ̀pà wá, ó jókòó sórí ẹní.
Mo ṣí orin kan tí mo dà sínú kọ̀ǹpútà láti ara kásẹ́ẹ̀tì ilé,
èyí tí bàbá mi gbà sílẹ̀ lẹ́nu rédíò ní pálọ̀ wa ní Sàbó.
Láàárín ẹsẹ kejì, ikọ́ kan: tirẹ̀ ni.
Lẹ́yìn náà ohùn ọmọdé kan:
"Bàbá, ebi ń pa mí."
"Ṣṣṣ. Jẹ́ kó parí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń gbèrò láti gé ibẹ̀ kúrò.
Ó rọrùn: kí n sàmì síbí, kí n sàmì sọ́hùn-ún, kí n tẹ̀ ẹ́,
kí orin ó mọ́ gaara.
Àyọ̀ká dá ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ dúró.
"Kí ni ọmọ yẹn jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà?"

Mo ronú títí. N ò rántí.
Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló kù ní bátìrì,
ṣájà wà nílẹ̀ níwájú mi, n ò nawọ́ sí i.
Ojú kọ̀ǹpútà ṣú.
Iná pupa áńpílífáyà nìkan ló kù, ó ń ṣọ́nà.